Nọ́ńbà Tí Mo Yọ Kúrò Nínú Ìdúpẹ́

Kí n tó di akọ̀wé níbi iṣẹ́ ìwádìí àwọn dókítà, ìwé ètò ìsìnkú ni mo ń tẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ni, nítòsí ibùdókọ̀ Kétu: kọ̀ǹpútà méjì, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tó máa ń jẹ bébà, àti jẹnẹrétọ̀ tí a fi ṣéènì so mọ́ òpó kí wọ́n má bàa gbé e lọ. Ọdún mẹ́fà ni mo lò níbẹ̀. Bí wọ́n bá jí mi lójú oorun, mo lè ka ojú ìwé ìdúpẹ́ láti òkè délẹ̀. Ọlọ́run ni àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọba àti ìjòyè, àwọn àlùfáà, àwọn àna, àwọn ẹlẹ́gbẹ́jẹgbẹ́, àti gbogbo ẹni tí àyè kò gbà wá láti dárúkọ. Ẹni tó bá gbé ẹlẹ́gbẹ́ síwájú àna ti dá ìjà sílẹ̀ nìyẹn. Bí ẹnìkan bá sì mú màlúù wá, ẹ kì í kọ ọ́ síbẹ̀ pé màlúù ni. Ọkùnrin kan ní kí n kọ iye àga tí àbúrò òun háyà. Mo ní mi ò ní kọ ọ́, pé kò bójú mu. Ó wojú mi títí, ó sì gbà.

Bí mo ti rí nìyẹn. Tí mo bá rí ojú ìwé tó wọ́, ọwọ́ mi á máa yún mi.

Dókítà obìnrin kan ló mú mi kúrò níbẹ̀. Ó wá tẹ ìwé ìsìnkú ìyá rẹ̀, ó rí i pé mi ò ṣi lẹ́tà kan tẹ̀, ó wá bi mí bóyá mo lè bá òun ṣiṣẹ́. Ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Ìkòsì, nínú ẹ́sítéètì tí wọ́n ń ti géètì rẹ̀. Ilé gbígbé ni wọ́n kọ́ ọ́ fún, nítorí náà inú ilé ìdáná ni fáìlì wà, èmi sì jókòó sí ibi tó yẹ kí tábìlì ìjẹun wà. Láti Alápẹ̀rẹ̀ tí mo ń gbé, ọkọ̀ kan ni mo ń wọ̀. Ọdún 2007 ni, tàbí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tó tẹ̀ lé e.

Iṣẹ́ ìwádìí náà dá lórí àwọn obìnrin tó ń lọ ata ní ọjà Mile 12. Ìsọ̀ kan wà lẹ́yìn ibi tí àwọn tírélà ti ń já ata àti tòmátì, níbẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ oní-dísẹ́ẹ̀lì lọ ata fún àwọn olóúnjẹ. Òrùlé páànù ibẹ̀ wálẹ̀ gan-an, èéfín ò rọ́nà jáde. Dókítà fẹ́ mọ ohun tí èéfín náà ń ṣe sí èémí wọn, àjọ kan lókè òkun sì fún un lówó láti fi wá a. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ní ọ̀pá bébà lẹ́nu. Èèyàn á fa èémí sínú, á wá fẹ́ ẹ sínú ọ̀pá náà títí kò fi ní ku nǹkan kan nínú rẹ̀, ẹ̀rọ á sì sọ bó ṣe pọ̀ tó.

Àwọn alọta náà kò gbà. Dókítà ti rò pé ẹ̀jẹ̀ nìkan làwọn èèyàn ń bẹ̀rù, kò sì sí ẹ̀jẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá. Ọ̀kan nínú wọn wí fún mi pé, "Aunty, ẹ̀jẹ̀ tiẹ̀ sàn. Bí ẹ bá fa ẹ̀jẹ̀, màá jẹun, òmíràn á wá. Èémí tí mo bá fẹ́ sínú nǹkan yín yìí ńkọ́, ibo lẹ ń gbé e lọ?"

Olórí wọn ló tú ọ̀rọ̀ náà. Màmá ni gbogbo ìsọ̀ ń pè é, èmi náà ò pè é ní nǹkan mìíràn rí. Ará Òkè-Ògùn ni, ó ti ń lọ ata níbẹ̀ kí n tó wọ iléèwé gírámà. Òun ló ń di kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀ náà mú, òun ló ń ṣí i láàárọ̀, òun ló ń parí ìjà. Kó tó gbà, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bi mí pé, "Ọmọ mi, tí ẹ bá rí ohun tó wà nínú èémí wa tán, ṣé ẹ máa sọ fún wa, àbí ẹ ó gbé e lọ?" Mo ní a máa sọ. Mo ní àjọ tó fún Dókítà lówó ti sọ ọ́ di dandan pé kí gbogbo ayé rí i kà lọ́fẹ̀ẹ́, ẹnikẹ́ni tó bá ti lè dé ibi tí íńtánẹ́ẹ̀tì wà. Bí Dókítà ṣe sọ ọ́ fún mi ni mo ṣe sọ ọ́ fún un.

Màmá gba ọ̀pá náà, ó fẹ́ ẹ. Ikọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e ṣubú. Ó nu ẹnu, ó yíjú sí àwọn tó kù.

"Ẹ ti rí i, mi ò kú. Aunty yìí ní èsì ń bọ̀ wá bá wa, kò ní pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Tí kò bá wá, ẹ má wulẹ̀ wá dókítà kankan lọ. Èmi ni kí ẹ mú."

Ni wọ́n bá tò.

Nígbà tí ìwádìí parí, Dókítà kọ ìwé rẹ̀ fún ọ̀kan nínú àwọn ìwé tí àwọn dókítà àgbáyé máa ń kà. Òun ń fọwọ́ kọ ọ́, èmi ń tẹ̀ ẹ́. A dé ìparí, ìdúpẹ́ wà níbẹ̀. Gbólóhùn méjì péré ni. Èkíní sọ pé owó àjọ báyìí-báyìí ni a fi ṣe iṣẹ́ náà, ó wá kó lẹ́tà àti nọ́ńbà gígùn kan tì í lẹ́yìn, nọ́ńbà tí àjọ náà fi ń dá ẹ̀bùn náà mọ̀. Èkejì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn obìnrin ìsọ̀. Ó tán. Kò sí Ọlọ́run, kò sí baálẹ̀, kò sí àwọn alága ọjà tí wọ́n gbà wá láàyè, ọkọ Dókítà tó ń fi mọ́tò rẹ̀ gbé wa kò sí níbẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ló bí mi nínú jù. Lójú mi, rìsíìtì ni. Ẹnìkan ṣe ọ́ lóore, ìwọ wá ń ka nọ́ńbà rìsíìtì rẹ̀ sétí gbogbo ayé?

Mo tún un tò. Mo fi Ọlọ́run ṣáájú, mo to àwọn ìyókù bó ṣe yẹ. Mo fi àwọn obìnrin ìsọ̀ sí ibi tí mo máa ń fi ẹlẹ́gbẹ́jẹgbẹ́ sí. Àjọ náà, mo pè wọ́n ní àwọn olóore wa lókè òkun tí wọ́n dúró tì wá gbágbáágbá. Ó dùn ún kà. Mo yọ nọ́ńbà náà dànù.

Dókítà ń múra àtilọ kàwé ọdún kan lókè òkun nígbà yẹn, àpótí aṣọ rẹ̀ ti wà nílẹ̀ ọ́fíìsì. Mo ní, "Mà, mo tún ìdúpẹ́ yẹn ṣe díẹ̀, ọ̀wọ̀ inú rẹ̀ ò tó." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyẹn, ìwọ lo mọ̀ ọ́n." Ó fọwọ́ sí i láìkà á. Orí mi wú. Àwọn tó tẹ ìwé náà jáde yọ Ọlọ́run kúrò, wọ́n yọ ọkọ rẹ̀ kúrò, wọ́n fi ìyókù sílẹ̀ bí mo ṣe kọ ọ́.

Oṣù díẹ̀ kọjá. Dókítà ti lọ, èmi nìkan ló kù pẹ̀lú fáìlì. Àwọn obìnrin ìsọ̀ bi Màmá léèrè èsì, Màmá bi mí, mo ní ìwé ti jáde, ó ti wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo sọ ọ́ bí ẹni sọ pé ilẹ̀ ti mọ́. Mi ò lọ wò ó.

Obìnrin kan wà tó jẹ́ igbákejì Màmá ní ìsọ̀ náà. Àárín àkókò yẹn ni àbúrò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ikọ́ tí kò gbọ́ oògùn, tí wọ́n fi gbé e lọ sílé. Alọta lòun náà, ó wà lára àwọn tó fẹ́ ọ̀pá náà. Igbákejì ní ọmọbìnrin kan tó wà ní pólì. Ọmọ náà gba àkọlé ìwé wa lọ́wọ́ mi, ó mú un lọ sí kafé íńtánẹ́ẹ̀tì ní Kétu, ó tẹ̀ ẹ́. Ó rí i lóòótọ́. Ó rí àkọlé, ó rí orúkọ Dókítà, ó rí ìpínrọ̀ kan tó kún fún ọ̀rọ̀ ìṣègùn. Ohun tó kù wà lábẹ́ àwòrán àgádágodo kékeré kan, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ kà á, kó fi káàdì san dọ́là.

Ó tẹ ojú ìwé àgádágodo náà, ó gbé e wá sí ìsọ̀.

Kò sẹ́ni tó nílò àlàyé mọ́. Wọ́n ti gba èémí wọn, wọ́n ti tì í mọ́lé, wọ́n ń tà á ní dọ́là. Ẹ̀rí wà lórí bébà. Ẹni tó kọ́kọ́ fẹnu sí ọ̀pá, tó ní kí àwọn tó kù tò, òun ló bá àwọn dókítà dúnàádúrà. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo lọ ra tòmátì ni mo rí i fúnra mi: Màmá kí wọn, kò sẹ́ni tó dáhùn. Igbákejì yínmú. Ẹnìkan tó jókòó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbé e lọ sí ọ̀nà jíjìn díẹ̀, ó tún jókòó.

Màmá wá sí ọ́fíìsì lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Kò wá síbẹ̀ rí. Kò fẹ́ jókòó, ó ní ata wà láṣọ òun.

"Ọmọ mi, mi ò mọ̀wé. Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n tì í pa?"

Mo ní rárá, pé ọmọ yẹn ò mọ̀ ọ́n wá ni. Mo tẹ gbogbo ìwé náà jáde láti inú kọ̀ǹpútà mi, mo gún un ní pínnì, mo tẹ̀ lé e lọ sí ìsọ̀. Igbákejì gbà á, ó yí i wò síwá sẹ́yìn.

"Ta ló tẹ eléyìí?"

Mo ní èmi ni.

"Ẹ gbé e padà, Aunty. Ohun tí ẹ jókòó sílé yín tẹ̀, kí la fẹ́ fi ṣe? Ẹ ní gbogbo ayé ló máa rí i. Èyí tí gbogbo ayé ń rí la fẹ́ rí."

Inú bí mi sí i, ṣùgbọ́n ó jàre. Mo lọ sí kafé fúnra mi, mo rí àgádágodo náà. Mo kọ lẹ́tà sí Dókítà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó dáhùn pé kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, pé àjọ náà ní ilé ìkówèésí ọ̀fẹ́ kan tí gbogbo ìwé tí wọ́n bá fi owó wọn ṣe ń lọ, kí n bi wọ́n léèrè. Mo bi wọ́n. Wọ́n dáhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé àwọn ò rí ìwé kankan tó gbé nọ́ńbà ẹ̀bùn wa jáde, pé nọ́ńbà yẹn làwọn fi ń mọ èyí tó jẹ́ tiwọn. Ṣé a ti kọ ọ́ sínú ìdúpẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìwé àdéhùn ṣe wí?

Ìwé àdéhùn wà ní ilé ìdáná. Èmi ni mo lu ihò sí i, èmi ni mo to fáìlì rẹ̀, tó gún régé. Mi ò kà á rí. Mo ṣí i. Wọ́n kọ gbólóhùn ìdúpẹ́ tí wọ́n fẹ́ síbẹ̀ látòkè délẹ̀, wọ́n ní ká má pa á dà. Gbólóhùn àkọ́kọ́ Dókítà gan-an ni. Wọ́n ní kì í ṣe ìyìn làwọn ń wá, pé ẹni tó bá ń kà á ló yẹ kó mọ owó tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, kó lè pinnu bóyá òun á gbà á gbọ́. Mo jókòó sórí ilẹ̀ ilé ìdáná náà, mo sì tún un kà.

Ohun tó yẹ kí n ṣe ò le. Lẹ́tà kan sí Dókítà: èmi ni mo yọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mi ò fi kọ ọ́. Mò ń rò ó pé bóyá a lè ṣe é láìsọ ẹni tó fà á. Mò ń rò ó pé wọ́n lè dá mi padà sídìí ìwé ìsìnkú. Màmá wá lẹ́ẹ̀kan sí i láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn. Mo ní, "Ó kù díẹ̀, Màmá, wọ́n ń bá a ṣe." Kò sẹ́ni tó ń bá nǹkan kan ṣe.

Òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, nígbà tí wọ́n máa ń ti ọjà fún ìmọ́tótó, ni àwọn obìnrin náà ṣèpàdé. Wọ́n ní kí Màmá gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Mo gbọ́ pé kò jà, kò bá wọn fa ọ̀rọ̀. Ó tú u kúrò ní etí ìró rẹ̀, ó gbé e sórí ẹ̀rọ igbákejì, ó lọ jókòó sídìí ẹ̀rọ tirẹ̀. Ọjọ́ tí mo gbọ́ ni mo kọ lẹ́tà sí Dókítà. Èsì rẹ̀ ò gùn: "Kí ló dé tí o ò bi mí?" Lẹ́yìn ìyẹn ó ṣe ohun tó yẹ. Ó kọ àtúnṣe sí àwọn tó tẹ ìwé náà, ó dá gbólóhùn àti nọ́ńbà padà sí ipò wọn, ó fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ilé ìkówèésí ọ̀fẹ́. Ó gbà wá ní oṣù méjì ó lé díẹ̀.

Nígbà tí ìwé náà ṣí, mi ò fọwọ́ kan bọ́tìnnì kankan. Mo lọ bẹ ọmọ igbákejì, a jọ lọ sí kafé kan náà. Òun ló jókòó, òun ló tẹ̀ ẹ́, òun ló rí i pé kò sí àgádágodo mọ́, òun ló ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Ní Ọjọ́bọ̀, gbogbo wọn pé jọ sí ìsọ̀, kò sí ẹ̀rọ tó ń dún. Mò ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, ọmọ náà ń fi ìka tẹ̀ lé e kí n má bàa fo nǹkan kan.

Ohun tí ìwé náà sọ ò lọ́jú pọ̀. Èéfín ẹ̀rọ ń jẹ èémí wọn. Bí èèyàn bá ti pẹ́ tó níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni èémí inú rẹ̀ ń dín kù. Àwọn tí ẹ̀rọ wọn wà lẹ́nu ọ̀nà sàn ju àwọn tó wà ní kọ̀rọ̀ lọ. Kọ̀rọ̀ ni àbúrò igbákejì wà. Mo rí igbákejì tó bojú wo kọ̀rọ̀ náà, tó sì gbé ọwọ́ lérí.

Ẹnìkan wá béèrè pé kí ló dé tí wọ́n fi tì í pa tẹ́lẹ̀. Mo ní àṣìṣe kékeré kan ló wáyé ní ọ́fíìsì.

Màmá dá sí i láti ìdí ẹ̀rọ rẹ̀. "Ta ló ṣe é?"

"Èmi ni, Màmá." Mo ṣàlàyé ìdúpẹ́ náà, mo ṣàlàyé nọ́ńbà, pé mo rò pé kò bójú mu ni.

"Ìyẹn ò burú. Èèyàn lè ṣe àṣìṣe." Ó wá bi mí pé, "Ìgbà wo lo mọ̀?"

Mo lè purọ́. Dókítà nìkan ló lè já irọ́ mi, kò sì sí nílùú. Mo wolẹ̀.

"Mo ti mọ̀ kí wọ́n tó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ yín."

Ó yíjú kúrò lọ́dọ̀ mi. Igbákejì ló kúnlẹ̀, àwọn tó kù sì tẹ̀ lé e, wọ́n ń bẹ Màmá, ọ̀kan ń sunkún. Igbákejì tú kọ́kọ́rọ́, ó nà án sí i. Màmá ní kí wọ́n dìde, ilẹ̀ tutù.

"Di kọ́kọ́rọ́ rẹ mú," ló wí fún igbákejì. "Mo ti gbọ́, mo sì ti fojú fò ó. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ rò pé mo lè tà yín, tí ikọ́ mìíràn bá dé, ẹ máa tún rò ó. Mi ò lè tún fẹ́ ọ̀pá fún yín lẹ́ẹ̀kejì."

Kó tó di oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti ṣí páànù ẹ̀yìn ìsọ̀, wọ́n gbé àwọn ẹ̀rọ kúrò ní kọ̀rọ̀ wá sí etí ibi tí atẹ́gùn wà. Igbákejì ló darí iṣẹ́ náà. Ọmọ rẹ̀ lẹ ojú ìwé àkọ́kọ́ àti ti ìdúpẹ́ mọ́ òpó, tòun ti nọ́ńbà àti gbogbo rẹ̀. Dókítà padà dé, kò lé mi. Ó kàn ń ka gbogbo ohun tí mo bá tẹ̀ ni, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kó tó fọwọ́ sí i.

Mi ò yéé lọ sí ọ̀dọ̀ Màmá. Ọjọ́ Sátidé kìíní lẹ́yìn tí wọ́n gbé ẹ̀rọ, mo lọ ra ata lílọ̀ níbẹ̀. Mo kúnlẹ̀, ó dáhùn, ó béèrè àwọn ará ilé mi. Ó lọ ata náà kúnná, ó bu ú sínú ike mi. Gbogbo oníbàárà tó wà níwájú mi ló bu síbí kan lé fún gẹ́gẹ́ bí èènì. Nígbà tó kàn mí, ó wọ̀n ọ́n pé pérépéré, ó dé ike náà, ó nà án sí mi. Mo gbà á, mi ò sì tètè kúrò níbẹ̀.

Ó gbójú sókè.

"Aunty," ló wí, "ṣé ó ku nǹkan tí ẹ fẹ́ ni?"